Ọkàn Tí Mo Túmọ̀ Sódì

Ọwọ́ rẹ̀ wà nínú ògì dé ìgúnpá nígbà tó dúró lójijì. Omi ṣì ń kán láti ara asẹ́, tó, tó, tó. Ó fa ọwọ́ ọ̀tún yọ, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ náà ti àyà, ó sì dijú. Èmi ń nu ewé tí a ó fi pọ́n ẹ̀kọ àkàsà.

"Ọkàn ló tún ń ta mí yìí," ó ní. "Má wò mí bẹ́ẹ̀. Nu ewé rẹ."

Aládùúgbò wa ni, arúgbó ará Ṣakété tó ń ṣe àkàsà nínú àgbàlá wa ní Gbégamey. Ìyá ni gbogbo wa ń pè é. Òórùn ògì kíkan wà lára aṣọ rẹ̀, kódà lára ẹní tó fi ń kírun. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí nígbà náà. Lọ́dún yẹn, mo ṣàkíyèsí pé ìró ìdí rẹ̀ tó máa ń yí i ká lẹ́ẹ̀kan ti ń yí i ká lẹ́ẹ̀kan ààbọ̀.

Lọ́jọ́ tí kò lè gbé ìkòkò mọ́, èmi ni mo bá a lọ sí ilé ìwòsàn tó wà nítòsí. Nàgó àti Fọ̀n nìkan ni Ìyá gbọ́. Nọ́ọ̀sì tó wà níbẹ̀ wá láti àríwá, kò gbọ́ ọ̀kankan nínú méjèèjì, Faransé tí wọ́n ń kọ́ mi nílé ìwé ló ń sọ. Bí mo ṣe di ògbufọ̀ nìyẹn.

"Sọ fún un pé ọkàn ń ta mí," ni Ìyá wí.

Mo mọ ohun tí Faransé ń pe ọkàn. Mo dúró ṣánṣán bí ẹni tó wà níwájú tíṣà, mo ní: "Elle a mal au cœur," pé ọkàn ń dùn ún.

Gírámà rẹ̀ pé. Ṣùgbọ́n lẹ́nu àwọn tó ni Faransé, ẹni tó bá ní "mal au cœur", èébì ló ń gbé e. Nọ́ọ̀sì kọ oògùn èébì. Ìyá lò ó fún ọ̀sẹ̀ méjì. Kò bì kó tó lò ó, kò sì bì lẹ́yìn rẹ̀, ìrora nìkan ló ń pọ̀ sí i.

"Akọ̀wé mi," ó ní, "oògùn tí o gbà fún mi yìí, ṣé kì í ṣe ti ewúrẹ́?"

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó ṣubú lẹ́bàá ààrò. Ìyá tó bí mi rí i pé ìgbẹ́ rẹ̀ dúdú bí ọ̀dà. A gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá. Dókítà obìnrin kan béèrè ibi tó ń dùn ún. Mo tún la ẹnu láti sọ ọ̀rọ̀ kan náà, ó gbé ọwọ́ sókè.

"Má tíì túmọ̀. Ní kó fi ìka kan ṣoṣo hàn mí."

Ìka Ìyá kọjá ibi tí mo rò. Ó dúró lábẹ́ egungun àyà, lókè ìdodo.

"Inú ikùn nìyẹn," ni Dókítà wí.

Wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára. Wọ́n fi rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tí iná wà lórí rẹ̀ wo inú rẹ̀: ọgbẹ́ ni. Dókítà ṣàlàyé pé omi kan wà nínú ikùn tó kan débi pé ó ń yọ́ ẹran, àti pé fún ìgbà pípẹ́ àwọn onímọ̀ gbà pé kòkòrò kankan kò lè máa gbé inú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n tún un wò dáadáa, wọ́n rí èyí tó ń gbé ibẹ̀, tó sì ń fa ọgbẹ́. Mo wá ọ̀rọ̀ tí mo máa fi pe omi náà. Mo ní: "Omíkan ni, Ìyá. Bíi ti ògì."

Ó rẹ́rìn-ín lórí ibùsùn. "Wọn ò ṣe bi mí? Ògì tí mi ò bá pààrọ̀ omi rẹ̀, ṣé kì í yọ ìdin ni?"

Mo túmọ̀ rẹ̀. Dókítà rẹ́rìn-ín títí ó fi bọ́ awò ojú rẹ̀. "Sọ fún un pé ó yẹ ká ti bi í."

Ìdin kọ́ ni kòkòrò ọ̀hún, ojú lásán kò sì lè rí i. Ṣùgbọ́n Ìyá ti lóye, ó sì lo oògùn rẹ̀ pé láìfo ọjọ́ kan. Dókítà ní kó pa hóró oògùn orúnkún tó ń rà lójú pópó tì, torí òun náà ń dá ọgbẹ́ sínú. Nígbà tí wọ́n tún yẹ̀ ẹ́ wò, kòkòrò ti lọ. Mo kúnlẹ̀, mo tọrọ àforíjì.

"Ìwọ kẹ̀? Faransé ló purọ́ fún ẹ."

Ó ṣe àkàsà títí mo fi parí ilé ìwé.

Ọmọ mẹ́ta ni mo ní báyìí, ní Agblangandan. Bí ọ̀kan bá ní inú ń run òun, oorun mi dá nìyẹn. Bàbá wọn ní ìbéèrè mi ju ti ọlọ́pàá lọ: níbo gan-an, láti ìgbà wo, kó o tó jẹun ni àbí lẹ́yìn rẹ̀? Ó lè máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Mo ti sọ ọ̀rọ̀ tó tọ̀nà rí, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ènìyàn. Láti ọjọ́ yẹn, n kì í fi ọ̀rọ̀ sí ọmọ lẹ́nu. Mo máa ń dúró kí ìka rẹ̀ débi tó ń lọ.