Páì Tí Ìdajì Rẹ̀ Jẹ́ Àpapọ̀

Ẹnu mi ló kó mi sí i. Ilé ìdáná ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó kan ní Dún Laoghaire, létí òkun ìlú Dublin ní Ireland, ni mo ti ń ṣiṣẹ́, mo sì wà níbẹ̀ títí di òní. Coolock ni èmi àti ọmọbìnrin mi ń gbé, ní òdìkejì ìlú pátápátá, nítorí náà bọ́ọ̀sì kan àti rélùwéè kan ni mo máa ń wọ̀ láràárọ̀ kí n tó dé ibi tí wọ́n ti ń retí tíì. Láti ojú fèrèsé yàrá ìjẹun wọn, èèyàn á rí èbúté, á rí ọkọ̀ ojú omi, á sì rí àwọn tó ń lọ tó ń bọ̀ lórí ọ̀nà òkúta gígùn tó wọ inú òkun lọ. Ọgbọ̀n arúgbó ló wà nínú ilé náà. Lẹ́yìn kí ọmọ wọn wá kí wọn, kò sí ohun tí wọ́n fẹ́ràn tó nǹkan dídùn tí a máa ń gbé fún wọn lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán ọjọ́ Àìkú.

Wọ́n máa ń dìbò fún un ni. Ní gbogbo Ọjọ́bọ̀, èmi ni mo máa ń gbé ìwé kiri láti àga dé àga: ṣé táàtì ápù ni, àbí ìrẹsì tí a fi mílíìkì sè, àbí jẹ́lì pẹ̀lú áísìkirimù, àbí púdíìnì búrẹ́dì? Bí a bá sì kéde ẹni tó wọlé ní ọjọ́ Ẹtì, ìjà dé. Àwọn tí tiwọn kò wọlé á ní màgòmágó la ṣe. Olórí wọn ni ìyá arúgbó kan tó ti pé àádọ́rùn-ún ọdún, tó fi ọjọ́ ayé rẹ̀ kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní ìṣirò kó tó fẹ̀yìn tì. Orí kẹ̀kẹ́ àwọn tí kò lè rìn ló ń jókòó, ṣùgbọ́n ọpọlọ rẹ̀ kò jókòó rárá. "Ẹ fi hàn mí," ló máa ń wí. "Èmi kì í gba ohun tí n kò fojú rí."

Ní ìpàdé òṣìṣẹ́ ọjọ́ Ajé kan, ọ̀gá wa obìnrin mí kanlẹ̀, ó ní ṣé kò sí ẹni tó lè ṣe nǹkan kan tí gbogbo àwọn ìyá àti bàbá wọ̀nyí á fojú ara wọn rí, kí ariwo lè tán? N kò mọ ìgbà tí ọwọ́ mi lọ sókè.

"Mo lè ṣe páì ṣáàtì," ni mo wí. "Kọ̀ǹpútà ni màá fi ṣe é. Màá fi Páítọ́nì kọ ọ́."

Olórí ilé ìdáná wa, ọkùnrin ará Rush kan tí bàbá rẹ̀ ń gbin kábéèjì, kò gbọ́ ju ẹyọ ọ̀rọ̀ kan lọ nínú gbogbo rẹ̀. "Páì? Grand," ló wí, ìyẹn ni pé ó dára bẹ́ẹ̀. "Ti ẹran ni àbí ti ápù?"

Mo ṣàlàyé fún un pé àwòrán róbótó kan ni, tí wọ́n gé bí ìgbà tí wọ́n bá gé páì, tí ẹni tó ní ìbò púpọ̀ á gba ègé ńlá, tí ẹni tó ní díẹ̀ á gba tẹ́ẹ́rẹ́. Ó mi orí, ṣùgbọ́n mo rí i lójú rẹ̀ pé ó ṣì ń retí nǹkan jíjẹ.

Kí gan-an ni mo tilẹ̀ mọ̀ nípa Páítọ́nì? Ọjọ́ Àbámẹ́ta mẹ́ta péré ni mo tíì fi kọ́ ọ. Ọ̀rẹ́ mi kan tó jẹ́ Mùsùlùmí ló mú mi lọ sí kíláàsì tí wọ́n ń ṣe fún àwọn obìnrin nínú yàrá kan lẹ́yìn mọ́ṣáláṣí wọn. Èmi nìkan ni ará ṣọ́ọ̀ṣì níbẹ̀, kò sì sẹ́ni tó wò mí lẹ́ẹ̀mejì. Tíṣà wa jẹ́ ọmọ Òṣogbo, kò tíì pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún, ó sì ń fi ọ̀wọ̀ kọ́ wa débi pé bí mo bá ṣe àṣìṣe, òun ló ń tọrọ àforíjì: "Ẹ má bínú, Mọ́mì, ẹ gbàgbé àmì kan síbẹ̀ yẹn ni." Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ gbọ́ orúkọ èdè kọ̀ǹpútà yìí, òjòlá ló sọ sí mi lọ́kàn, mo sì bi í pé ṣé kò ní gbé mi mì. Ó rẹ́rìn-ín títí. "Èyí kò léyín, Mọ́mì. Ẹ kàn máa bá a sọ̀rọ̀ ní ìlà kọ̀ọ̀kan, kò ní bá yín jà."

Ọjọ́ Àbámẹ́ta tó ṣáájú ìpàdé yẹn ni wọ́n ti fún wa ní iṣẹ́ páì ṣáàtì láti ṣe nílé, ìyẹn ló kó ìgboyà wọ̀ mí. Bí a ṣe dé láti ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ kejì, gèlè ṣì wà lórí mi, mo ti gbé láptọ́ọ̀pù ka orí tábìlì ìjẹun. Iṣẹ́ náà kò pọ̀ téèyàn bá gbọ́ ọ. A ó kọ́kọ́ pe àpótí irinṣẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní openpyxl. Ọmọbìnrin mi tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìnlá yọjú, ó ka orúkọ náà, ó ní, "Mam, that's not even a word." Àwa méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí í gbìyànjú bí a ó ṣe pè é. Ó pè é báyìí, mo pè é bàyìí, títí omi fi ń jáde lójú wa. Lẹ́yìn náà, a ó ní kí kóòdù ṣí ṣíìtì tuntun, ìyẹn ìwé onílà inú kọ̀ǹpútà, kí ó to orúkọ oúnjẹ tí àwọn arúgbó mi dìbò fún lọ́sẹ̀ tó kọjá sí òpó àkọ́kọ́, kí ó to iye ìbò sí òpó kejì. A ó wá sọ fún un pé: iye wọn nìyí, orúkọ wọn nìyí, fi wọ́n ya róbótó, gbé e sí ojúlé E2, ìyẹn òpó E, ìlà kejì, kí o sì fi ìwé náà pamọ́. Kò tó ogún ìlà.

Mo mú kóòdù náà ṣiṣẹ́. Mo ṣí ṣíìtì. Páì ti wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n dípò orúkọ oúnjẹ, ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin ló kọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ta ló fẹ́ jẹ èjì? Mo ti gbàgbé ìlà tó ń fún ègé kọ̀ọ̀kan lórúkọ. Mo kọ ọ́ síbẹ̀, mo tún mú un ṣiṣẹ́. Lọ́tẹ̀ yìí, kọ̀ǹpútà ní òun kò gbà mí láyè. Èmi, lórí tábìlì mi, nínú ilé mi! Mo pe tíṣà wa lórí fóònù.

"Mọ́mì, ẹ kú ìsinmi o. Ṣé ẹ ti pa ṣíìtì yẹn dé?"

"Ó wà ní ṣíṣí níwájú mi. Mò ń wò ó."

"Ẹ pa á dé, kí ẹ tó tún mú un ṣiṣẹ́. Kò lè kọ nǹkan sínú ìwé tí ẹ dì mú lọ́wọ́."

Mo pa á dé. Mo tún mú un ṣiṣẹ́. Mo ṣí i. Róbótó kan yọ bí oòrùn, pupa níhìn-ín, búlúù lọ́hùn-ún, àwọ̀ ewé láàárín, orúkọ kọ̀ọ̀kan sì wà ní àyè rẹ̀. Mo pariwo. Mo dìde, mo jó láti ibi tábìlì dé ẹnu ilẹ̀kùn, gèlè mi ṣubú, n kò wẹ̀yìn. Ọmọ mi ní, "It's only a pie chart, Mam," ṣùgbọ́n òun náà ti sún mọ́ ọn, ó ń fi ìka tọ́ ọ. "It's gas, though." Lẹ́nu àwọn ọmọ Dublin, ìyẹn ni pé nǹkan ọ̀hún panilẹ́rìn-ín, ó sì dára.

Àṣé ìyẹn ni ìgbádùn tó ṣáájú ìyọnu. Ní Ọjọ́bọ̀ mo gba ìbò ọgbọ̀n. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, mo jókòó sí ọ́fíìsì ọ̀gá wa, mo tẹ̀ wọ́n sínú kóòdù mi. Kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé ìbò kan sọnù, mo fi ìlà kan kún un nísàlẹ̀: Total, ọgbọ̀n. Mo rò pé mo gbọ́n. Mo ti kọ́ kóòdù náà pé kó máa kó gbogbo ìlà, láti òkè dé ìsàlẹ̀ pátápátá. Mo tẹ páì náà jáde lórí ìwé ńlá, n kò tilẹ̀ wò ó dáadáa, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri yàrá ìjẹun, mo sì dúró tì í bí ẹni tí wọ́n fẹ́ yà ní fọ́tò.

Olórí ilé ìdáná jáde, ó nu ọwọ́, ó wo ẹ̀yìn mi. "Páì dà?"

Ìyá oníṣirò yí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ wá síwájú. Ó wọ awò rẹ̀. Ó wò ó pẹ́.

"Kí ni èyí tó gba ìdajì yìí?"

Mo yíjú wò ó. Ègé ràgàjì kan gba ìdajì páì náà géérégé, àwọn oúnjẹ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì há mọ́ ara wọn ní ìdajì kejì. "Total ni, mà," ni mo dáhùn.

"Ta ló máa ń sè é?"

Bàbá kan tó ti ṣiṣẹ́ inú ọkọ̀ ojú omi rí, tí etí rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ mọ́, gbé ọwọ́ sókè láti ẹ̀yìn. "Èmi náà á jẹ Total," ó ní, "ẹ bá mi da kọ́sítádì lé e."

Yàrá náà dàrú. Àwọn kan ń fi ṣíbí lu tábìlì. Ọ̀kan ní òun ti ń gbé ibẹ̀ fún ọdún mẹ́fà, kò sẹ́ni tó fún òun ní Total rí. Ká ní mo lè wọ inú press, bí wọ́n ṣe ń pe kọ́bọ́ọ̀dù níbí, ǹ bá ti há sí àárín àwo kí n ti ilẹ̀kùn mọ́ra. Ìyá oníṣirò nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó di ọrùn ọwọ́ mi mú.

"Ẹ̀ẹ̀mejì lo kà wá," ó ní, ohùn rẹ̀ sì rọ̀. "Ọgbọ̀n ni wá. O kó wa sínú páì, o sì tún kó àpapọ̀ wa tì wá, bí ẹni tó ka ọmọ mẹ́ta tán, tó wá ka ìdílé wọn bí ọmọ kẹrin."

Ó yé mi lójú ẹsẹ̀. Bó ṣe yé mi ni ẹ̀rín gbé mi. Òun náà bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tín-ín-rín bíi ti kẹ́tùlù tó fẹ́ hó, mo sì rẹ́rìn-ín débi pé ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni mo jókòó sí.

Mo padà sí ọ́fíìsì. Ìlà kan ṣoṣo ni mo tún ṣe: mo sọ fún kóòdù pé kó dúró ní ìlà tó ṣáájú ìkẹyìn. Mo tẹ páì tuntun jáde, mo wò ó ní òkè, mo wò ó ní ìsàlẹ̀, mo gbé e wá. Táàtì ápù ní ìbò mọ́kànlá, ìrẹsì mẹ́sàn-án, jẹ́lì mẹ́fà, púdíìnì mẹ́rin. Ìrẹsì sì ni ìyá oníṣirò fẹ́.

Kò bá mi jà. Ó rán nọ́ọ̀sì kan lọ sí dúrọ́ọ̀ rẹ̀, ìyẹn sì mú nǹkan kan wá tí n kò rí mọ́ látìgbà tí mo ti jáde ilé ìwé: èyí tó dà bí ìlàjì òṣùpá nínú máàtì sẹ́ẹ̀tì, tí a fi ń wọn igun. Ó ní kí n gbé páì náà lé òun lẹ́sẹ̀.

"Róbótó jẹ́ ìwọ̀n ọ̀tàlélọ́ọ̀ọ́dúnrún," ó kéde bíi pé kíláàsì ló wà. "Ọgbọ̀n ni wá. Ìwọ̀n méjìlá-méjìlá ló kan ẹnì kọ̀ọ̀kan. Táàtì gba mọ́kànlá, nítorí náà méjìléláàádóje ni mò ń retí." Ó wọ̀n ọ́n. Ó tún un wọ̀n. "Méjìléláàádóje." Ó wọn ìrẹsì tirẹ̀, ó mí sínú. "A ti fìdí rẹmi. Ṣùgbọ́n mo fojú mi rí i. Ẹ lọ se táàtì yín."

Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un, wọ́n sì pàtẹ́wọ́ fún mi. Láti ọjọ́ yẹn, nǹkan bàjẹ́ fún ọ̀gá wa, nítorí wọ́n fẹ́ máa fi páì yanjú gbogbo ọ̀rọ̀: ṣé kí a ṣí fèrèsé àbí kí a tì í, ṣé orin ni kí rédíò máa kọ àbí ìròyìn, ṣé kí olórí ilé ìdáná fá irùngbọ̀n rẹ̀. Ti irùngbọ̀n yẹn, mo ṣe é. Ó ku díẹ̀ kí páì náà pupa tán, pupa sì ni àwọ̀ àwọn tó ní kó fá a. Ó sì fá a, torí pé ó ní òun kì í bá ìṣirò jà.

Kò pẹ́ sígbà náà ni ìyá oníṣirò pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Kọ́ mi," ó ní.

"Èmi, mà? Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ tíṣà?"

"Ìṣirò ni mo mọ̀. Yoke tó wà nínú kọ̀ǹpútà yẹn ni n kò mọ̀." Yoke ni wọ́n ń pe nǹkan tí wọn kò bá mọ orúkọ rẹ̀.

Ọ̀gá wa fún wa ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ní gbogbo ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ìka kan ṣoṣo ló fi ń tẹ̀wé, bí ẹyẹ tó ń ṣa àgbàdo, bó bá sì ṣe àṣìṣe, èmi ni mò ń bẹ̀ ẹ́ pé kó má bínú. Nígbà tí mo sọ ọ́ ní kíláàsì wa, tíṣà wa bo ẹnu, ó ní, "Mọ́mì, ẹ ti di ọ̀gá o." Iye ìbò kọ́ ni ìyá náà fẹ́ fi ya tirẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ló fi jókòó sẹ́nu fèrèsé pẹ̀lú pẹ́ńsùlù, tó ń ka ohun tó ń kọjá lórí ọ̀nà òkúta lójú òkun: ajá, àwọn tó ń sáré, àwọn tó mú áísìkirimù lọ́wọ́, àti tọkọtaya tó ń jà. Mo bi í pé báwo ló ṣe ń mọ̀ pé wọ́n ń jà láti ibi tó jìnnà tó bẹ́ẹ̀. Ó ní àlàfo tó wà láàárín wọn ló ń sọ fún òun.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun karùn-ún ló kọ ìlà ìkẹyìn. Ó gbàgbé láti pa àkámọ́ kan dé, kọ̀ǹpútà bá a wí, ó rí i fúnra rẹ̀ kí n tó sọ̀rọ̀. Ó tún mú un ṣiṣẹ́. Mo ṣí ṣíìtì náà fún un. Páì náà hàn gbangba, ajá ló gba èyí tó pọ̀ jù, tọkọtaya oníjà tẹ̀ lé e, àwọn tó kù pín ìyókù. Ìyá ẹni àádọ́rùn-ún ọdún yìí figbe ta, igbe tí n kò mọ̀ pé ó wà lára rẹ̀, débi pé nọ́ọ̀sì sáré wọlé bá wa, ó rò pé ó ti ṣubú.

"Kí ló ṣẹlẹ̀? Níbo ló ń dùn yín?"

"Wo àwọn ajá!" ló ń pariwo, tó ń fi ìka lu ojú kọ̀ǹpútà. "Wo bí wọ́n ṣe pọ̀ tó!" Nọ́ọ̀sì yíjú sí mi, ṣùgbọ́n ẹ̀rín kò jẹ́ kí n lè la ẹnu. Ìyá náà nu awò rẹ̀, ó nu ojú rẹ̀, ó wá pàṣẹ pé kí n tẹ̀ ẹ́ jáde fún òun, èyí tó tóbi jù lọ.