Ọjọ́ Tí Wọ́n Gbẹ́sẹ̀ Lé Àkàsọ̀ Kíátékà Wa

Ó ti rẹ̀ mí, n kò ní purọ́. Orúnkún mi méjèèjì ń ké bí ilẹ̀kùn tí wọn kò fi epo sí, ìwé díẹ̀ tí mo kà náà ti ń fò lọ lórí mi. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa obìnrin tó jẹ́ kíátékà ilé tí mo háyà yàrá sí ní Hayin Banki, ní Kàdúná níbí, torí n kò rí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ irú wọn ní rere.

Ìbàdàn ni onílé wà. Orí fóònù nìkan la ti ń gbọ́ ohùn rẹ̀. Mo tilẹ̀ máa ń sọ fún ayálégbé tuntun pé onílé ti kú tipẹ́, pé òkú ló ń bá kíátékà sọ̀rọ̀. Obìnrin yìí ló wà nílé. Kàdúná ni wọ́n bí i sí, Ògbómọ̀ṣọ́ ni àwọn òbí rẹ̀ ti wá. Bí ṣaláńgá bá kún, òun ni. Bí wáyà iná bá jó, òun náà ni. Bí ìyàwó ẹnìkan bá bínú kó ẹrù, wọ́n á ní kí Màmá Kíátékà wá bẹ̀ ẹ́, bí ẹni pé ìgbéyàwó wà lára ohun tí a háyà.

Lọ́dún kan, ìjì tó máa ń ṣáájú òjò àkọ́kọ́ ká páànù orí yàrá tọkọtaya kan. Ìyàwó náà ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ni. Iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi gbé ọmọ náà jáde, ìyá kò tí ì lè dìde dáadáa. Ọ̀kan nínú páànù yẹn fò kọjá odò, ó lọ balẹ̀ sí Barnawa. Mo gbọ́ pé ẹnìkan ń yan ẹja lórí rẹ̀ títí dòní. Ẹni tí kò bá gbà gbọ́, kó lọ wò ó. Yàrá wọn wá ṣí sílẹ̀ gbayawu, yàrá àwa tó kù kún fún èèyàn bí àpò gàrí, ojú ọ̀run sì ti ń dúdú bọ̀. Bí wọn kò bá bo òrùlé náà kí òjò tó dé, orí ìyá àti ọmọ ni yóò rọ̀ sí.

Kíátékà wá káfíńtà kan láti Ungwan Romi, ní òdìkejì odò, Yorùbá ni, ọmọ ìjọ. Ó wá páànù, ó yá àkàsọ̀, ó wá ní kí káfíńtà dúró ná. Ní àdúgbò wa, ògiri ilé kan ló gbé ògiri èkejì. Ẹni tó bá gun òrùlé ti wo àgbàlá ẹni ẹlẹ́ni, níbi tí àwọn ìyàwó eléhàá ti ṣí orí sílẹ̀. Nítorí náà, a kì í gòkè láìkọ́kọ́ ṣe "salama alaikum" lẹ́nu ọ̀nà gbogbo ilé tó yí i ká, kí àwọn obìnrin lè wọ yàrá. Kíátékà wọ híjáàbù, ó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ láti ilé dé ilé.

Kò tí ì dé ìdajì tí àrá fi sán. Ọkọ ìyàwó tó bímọ náà kò lè mú un mọ́ra mọ́.

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ gòkè jàre! Ṣé òjò máa dúró de salama ni?"

Káfíńtà kò jiyàn. Lọ́hùn-ún lọ́dọ̀ tiwọn, níbi tí kò sí eléhàá, bó bá wu èèyàn, kó jó lórí òrùlé. Ó gòkè, ó sì yọjú sí àgbàlá ilé ẹ̀yìn, níbi tí ìyá arúgbó kan ti ń ṣe àlùwàlá, tí àwọn ìyàwó ọmọ rẹ̀ ń di irun fún ara wọn.

Igbe tó sọ nínú ilé yẹn, wọ́n gbọ́ ọ ní Kano. Ọmọ ìyá arúgbó náà, Alhaji kan tó ń ta táyà, já wọ ilé wa, ó gbé àkàsọ̀ lé èjìká, ó ń lọ. Káfíńtà ṣì wà lókè.

"Haba, Alhaji!" mo ní.

"Bàbá, ẹ má dá sí i. Ṣebí ó fẹ́ràn òkè? Kó máa gbé ibẹ̀."

Káfíńtà ń ké lókè. "Wallahi, mi ò rí nǹkan kan!"

"Ọmọ ìjọ, o ti ń fi wallahi búra? Òrùlé ti sọ ẹ́ di mùsùlùmí," mo ní fún un.

Ìyá ọmọ kò rẹ́rìn-ín. Ó gbé ọmọ mọ́ àyà, ó ń wo ojú ọ̀run láti orí ibùsùn rẹ̀.

Kíátékà dé, òógùn bo gbogbo ojú rẹ̀. Ọkọ ìyàwó ń dá káfíńtà lẹ́bi, káfíńtà ń dá a lẹ́bi láti òkè. Kò dá sí ìkankan nínú wọn, kò sì gba omi tí mo nà sí i. Ó gba ilé ẹ̀yìn lọ. Mo tẹ̀ lé e, ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà ni èmi ọkùnrin dúró sí pẹ̀lú Alhaji. Òun wọ inú lọ bá àwọn obìnrin, mo sì ń gbọ́ wọn láti ẹ̀yìn kọ́tìnnì.

"Hajiya, ẹ dákun, èmi ni mo ṣẹ̀ yín."

"Ìwọ kọ́ lo gun òrùlé."

"Èmi ni mo mú un wá. Àkàsọ̀ tí mo yá ló gùn. Ẹ kà á sí pé ojú mi ló wò yín. Ọmọ tó wà lábẹ́ òrùlé yẹn kò tí ì lórúkọ, Hajiya. Òjò sì ń bọ̀."

Ìyá arúgbó náà bi í léèrè. "Kí ni káfíńtà yín wá sọ pé òun rí?"

"Ó ní òun ò rí nǹkan kan."

"Èmi tí mo jókòó báyìí, pẹ̀lú gbogbo ẹwà mi? Ẹ gbé e lọ sí ọsibítù ojú!"

Àwọn ìyàwó bú sẹ́rìn-ín. Ìyá arúgbó pe ọmọ rẹ̀. "Dá àkàsọ̀ wọn padà. Kí ìwọ fúnra rẹ dì í mú, kí káfíńtà yẹn má lọ wo ilé ẹlòmíràn."

Alhaji gbé àkàsọ̀ padà, ó dì í mú. Kíátékà kò sinmi. Ó ní kí káfíńtà má tíì kan ìṣó kankan, ó lọ kí àwọn ilé tó kù tán. Ìṣó tó gbẹ̀yìn ń wọlé nígbà tí òjò dé. Ẹ̀kán omi kan kò kan ọmọ náà.

Ọkọ ìyàwó jáde. Mo rò pé ó fẹ́ dúpẹ́ ni.

"Màmá, káfíńtà yìí da ìṣó sí gbogbo ilẹ̀ o."

"Mo gbọ́," ni kíátékà wí. Ó bẹ̀rẹ̀, ó ṣa ìṣó náà, ó wọ yàrá rẹ̀, ó sì sùn lọ pẹ̀lú híjáàbù lọ́rùn. Mo gbé àga mi sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀.

Kò pẹ́ tí ayálégbé mìíràn fi dé. Ilẹ̀kùn ilé ìwẹ̀ ti yọ.

"Bàbá, Màmá ńkọ́?"

"Ó ti lọ sí Mẹ́kà."

"Nínú òjò yìí? Ta wá ló ń hanrun nínú yàrá yẹn?"

"Èmi ni," mo ní, tí mo la ojú méjèèjì sí i.

Ó wò mí, ó wo kọ́tìnnì, ó sì lọ wá okùn tí yóò fi so ilẹ̀kùn náà.