Igi Tí A Fún Ayálégbé

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan ni Ìyá Kúdí wọlé wá bá mi lọ́gbà igi ìjọba ní Òṣogbo. Igi dóńgóyárò márùn-ún tó ti rọ ló kó dání.

“Màdáámù, ẹ wò ó. Alàájì onílé mi ti fà wọ́n tu. Ó ní kí n kó jáde nílé òun kí oṣù tó parí.”

Èmi ni mo fún un ní àwọn igi náà. Iṣẹ́ mi ni láti máa tọ́jú igi kékeré nínú ọ̀rá dúdú títí tí ìdí rẹ̀ yóò fi le, kí a tó pín in fún ará ìlú. Ẹ̀yìn ibi ìlagi ni Ìyá Kúdí ń gbé. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń dáná sun ìyẹ̀fun pákó níbẹ̀, èéfín a sì wọlé tọ Kúdí, ọmọ rẹ̀, ọmọ náà a wúkọ́ títí tí ẹ̀yìn rẹ̀ yóò fi tẹ̀. A fẹ́ kí igi dúró láàárín, kí ó máa gba èéfín náà sára.

Kí a tó pín igi náà, mo ní kí a kọ́kọ́ rí àwọn onílé. Ọ̀gá mi, tí ọkàn rẹ̀ wà lára ìròyìn tí yóò kọ ránṣẹ́ sókè, ní, “Ìjọba ló ni igi. Kí ni ti onílé níbẹ̀?” Mo sì pín igi náà. Èmi ọmọ olóko kòkó lẹ́bàá Iléṣà! Wọ́n ń fún àlejò nílẹ̀ lọ́dọ̀ wa láti gbin àgbàdo àti ẹ̀gẹ́, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ gbin obì. A ó kórè àgbàdo, yóò tán; igi yóò dúró, ọmọ ẹni tó gbìn ín yóò sì ní ilẹ̀ bàbá òun ni. Mo mọ èyí kí n tó mọ ìwé.

Lọ́jọ́ Ajé yẹn, mo sọ fún ọ̀gá mi pé kí a jọ lọ bẹ Alàájì. Ó ní ọ̀rọ̀ onílé àti ayálégbé kò kan ọ́fíìsì. Èmi nìkan ni mo lọ.

Bàbá àgbà náà ń rán fìlà lẹ́nu ọ̀nà.

“Ọmọ Ìjẹ̀ṣà, ṣé nílé bàbá rẹ, àlejò ń gbin obì sílẹ̀ onílẹ̀?”

“Rárá, Alàájì.”

“O wá ń kọ́ ayálégbé mi! Máńgòrò mẹ́ta péré tí àlejò gbìn ni wọ́n fi gba oko bàbá mi.” Ìbínú tí mo gbé lọ rọ̀ pẹ̀sẹ̀. Mo lóṣòó síwájú rẹ̀.

“Òṣómàáló! Ṣé wàá lóṣòó tì mí bí ẹni tó wá sin gbèsè ni?”

“Títí ẹ ó fi ní kí Ìyá Kúdí jókòó sílé, sà. Ẹ̀bi mi ni, kì í ṣe tirẹ̀. Ẹ fọwọ́ ara yín gbin igi náà lójú àdúgbò, kó jẹ́ tiyín. Kí òun kàn máa bomi rin ín.”

Ó já òwú fìlà náà. “Lọ gbé igi wá. Kí ìyá ọmọ yẹn tú ẹrù rẹ̀ sílẹ̀.”

Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, ó gbin márùn-ún, àwọn onílé yòókù sì tẹ̀ lé e. Ìgbà náà ni ọ̀gá mi dé pẹ̀lú ayàwòrán, ó na ọwọ́ sí igi Alàájì kan bí ẹni pé òun ló ń gbìn ín.

“Gbọ́wọ́ kúrò níbẹ̀!” ni Alàájì pariwo. “Àbí ìwọ náà fẹ́ gba ilẹ̀ mi?”

Gbogbo àdúgbò bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀gá mi dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ igi ẹlòmíràn, wọ́n ya fọ́tò. Fọ́tò yẹn ló fi gba àmì ẹ̀yẹ. Nínú ìròyìn rẹ̀, ó ní ará àdúgbò náà kò lajú; kò dárúkọ mi.

Èéfín kò tíì tán níbẹ̀, ṣùgbọ́n Ìyá Kúdí ń ṣí fèrèsé báyìí. Nígbà tí mo ń fi ọgbà lé ọmọbìnrin tó gba ipò mi lọ́wọ́, ó ní kí n kọ́ òun ní ohun tí kò sí nínú ìwé. Mo ní kó tó gbẹ́ kòtò kan, kó bèèrè ẹni tó ni ilẹ̀. Kó sì tún bèèrè ẹni tí yóò sùn síta bí igi náà bá dìjà.