Ìkòkò Ẹ̀fọ́ ní Oríta Ayépé

Iṣẹ́ mi ni láti kọ́ àwọn àgbẹ̀ bí ohun ọ̀gbìn wọn kò ṣe ní í rọ kó tó dé ọjà. Ọgbọ́n tí mo kó lọ bá ìyá àgbà kan lẹ́bàá Ayépé kò le rárá: ẹ gbé ìkòkò amọ̀ kékeré sínú ńlá, ẹ da yanrìn sáàárín wọn, ẹ bu omi sí yanrìn náà, ẹ kó ẹ̀fọ́ sínú, kí ẹ fi aṣọ tútù bò ó. Aṣọ funfun ni ìyá rí nílé. Ó yẹ kí ojú mi ti là nígbà yẹn.

Ìyá gbọ́dọ̀ tètè dé Ìjẹ̀bú-Òde lọ́jọ́ náà. Olóúnjẹ tó ń ra tẹ̀tẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ ti sọ pé bó bá tún gbé ẹ̀fọ́ tó rọ wá, òun máa wá ẹlòmíì. Òun nìkan sì ni oníbàárà gidi tí ìyá ní.

La bá gbé ìkòkò kalẹ̀ ní oríta, a ń dúró de mọ́tò. Ìkòkò amọ̀, aṣọ funfun, oríta, láàárọ̀ kùtù. Mọ́tò kìíní rí wa, ó ki eré mọ́lẹ̀. Ìkejì yà gba inú koríko. Ọlọ́kadà kan bọ́ sílẹ̀, ó ti ọ̀kadà rẹ̀ kọjá lódìkejì, kò bojú wẹ̀yìn.

Ìyá, tó ti ń bọ Ògún láti kékeré, rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Gbogbo ẹbọ tí mo ti gbé síbí, ewúrẹ́ ló ń jẹ ẹ́. Ẹ̀fọ́ ni wọ́n wá ń sá fún."

Mọ́tò kẹta dúró, torí obìnrin kan fẹ́ bọ́ sílẹ̀ níbẹ̀. Ọmọ ìjọ wa ni, ó tẹjú mọ́ mi. Dírẹ́bà nawọ́ sí ìkòkò. "Ta ló ni ẹbọ yìí?"

Mo sún kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Alàgbà ṣọ́ọ̀ṣì ni bàbá mi. Ìyá wò mí, kò bínú. Ó kàn ṣí aṣọ náà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó tẹ̀tẹ̀ sínú àpò gbígbẹ, oòrùn sì ti ń mú bọ̀. Ojú tì mí gan-an. Mo gba àpò lọ́wọ́ rẹ̀, mo dá ẹ̀fọ́ padà, mo gbé ìkòkò wọnú mọ́tò, mo gbé e lé itan, ìyá sì jókòó tì mí.

Gbogbo èrò bọ́ sílẹ̀. Ọkùnrin kan gba ojú fèrèsé. Ẹ̀rù ò jẹ́ kí dírẹ́bà lè ní ká sọ̀ kalẹ̀. Ó ń pe ẹ̀jẹ̀ Jésù láti Ayépé dé Ìjẹ̀bú-Òde, omi yanrìn ń ro sára yẹ̀rì mi, kò sì dúró gbé ẹnikẹ́ni, bẹ́ẹ̀ la ṣe dé ọjà ṣáájú gbogbo ayé. Olóúnjẹ ṣẹ́ igi tẹ̀tẹ̀ kan, ó ró pọ́kí. Ó kó gbogbo rẹ̀.

Mi ò tíì kúrò lọ́jà tí màmá mi fi pè mí lórí fóònù. Ọmọ ìjọ wa tó bọ́ sílẹ̀ ní oríta ti pè é ṣáájú. "Wọ́n ní o gbé ẹbọ wọ mọ́tò. Ta ló ni ín?"

"Ẹ̀fọ́ ni, mà," ni mo wí. "Èmi àti ìyá kan la jọ ni ín."