Imọ̀ Ọ̀pẹ Lójú Ọ̀nà Oko

Títí di òní, bí òórùn bébà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde láti inú ẹ̀rọ fọ́tòkọ́pì bá ti kan imú mi, Fájuyì ní Adó-Èkìtì ni ọkàn mi máa ń lọ. Lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù onífọ́tòkọ́pì kan níbẹ̀ ni yàrá tí àwa mẹ́ta ti máa ń pàdé nígbà tí a wà ní yunifásítì, tí a ó kó orí jọ síwájú fóònù kan ṣoṣo, tí a ó máa bá àwọn ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ wa ní Àǹgólà, Kàmbódíà àti Bọ́síníà sọ̀rọ̀. Iṣẹ́ wa ni láti pariwo kí àwọn ìjọba ayé yéé ri àdó olóró mọ́lẹ̀, kí wọ́n sì hú èyí tí ogun àtijọ́ fi sílẹ̀. Ọmọbìnrin tó ń darí wa láti Àǹgólà ti pàdánù ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ lójú ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́ nígbà tó wà ní kékeré. Ó fẹ́ràn ẹ̀rín, èdè Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ kò sì dán ju tiwa lọ, ìdí nìyẹn tí a fi tètè mọwọ́ ara wa.

A fẹ́ gbé fídíò àjọṣe kan jáde, ìlú kọ̀ọ̀kan ní láti mú apá tirẹ̀ wá. Kí ni àwa fẹ́ mú wá láti Adó? Kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni ń rì mọ́lẹ̀ ní Èkìtì ju ebu iṣu lọ. Ọmọkùnrin ará Bọ́síníà kan béèrè lọ́wọ́ wa, láìní ìjà nínú, pé kí ló kàn wá nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ó dùn mí dé ọkàn. Mo wá ń rò ó pé bóyá ńṣe ni a kàn ń tojú bọ ọ̀ràn ọlọ́ràn, mo sì dábàá pé kí a yọwọ́. Ọ̀rẹ́ wa obìnrin tó ń ya fídíò, ọmọ Ọ̀yọ́ tí wọ́n bí sí Adó, ní kí a kọ́kọ́ lọ ya oko ẹ̀gbọ́n ìyá mi ní Ìgèdè ná, kí a fi han àwọn ẹgbẹ́ wa bí ilẹ̀ tí kò ba ènìyàn lẹ́rù ṣe ń rí.

A lọ ní àárọ̀ Sátidé kan, ìrì ṣì wà lára koríko. Èmi ni mo ṣíwájú, akọ̀wé wa, géńdé gígùn kan tí kì í kọ oúnjẹ, ló sì wà lẹ́yìn. Láàárín wa ni ọ̀rẹ́ wa ti rí imọ̀ ọ̀pẹ kan tí wọ́n ta ní kókó mọ́ igi, ní ẹnu ọ̀nà tóóró kan tó yà lọ sápá òkè. Ó rò pé ti Ọjọ́ Ìsinmi Ọ̀pẹ ló ṣẹ́kù, torí Àládùúrà pọ̀ lágbègbè náà. Ó tú u, ó fi ṣe ẹ̀ṣọ́ sára báàgì rẹ̀. Kò pẹ́ tí fóònù akọ̀wé wa dún, ó bá gba ọ̀nà tóóró yẹn lọ wá nẹ́tíwọ́ọ̀kì, àwa méjì tó kù sì kọjá lọ sí abà.

Bàbá Ìgèdè, bí a ti ń pe ẹ̀gbọ́n ìyá mi, ń sun iṣu ní abà. Wọ́n ń kí wa káàbọ̀ lọ́wọ́ nígbà tí ojú wọn ṣe kòńgẹ́ imọ̀ ọ̀pẹ lára báàgì. Ìkíni náà dá mọ́ wọn lẹ́nu.

"Ta ló kù lẹ́yìn yín?"

Kí n tó dáhùn, wọ́n ti mú ọ̀pá, wọ́n ti ń kígbe síwájú pé kí ẹni tó bá wà lọ́nà òkè dúró, kó má gbẹ́sẹ̀. Wọ́n ti dẹ tàkúté onírin síbẹ̀ de àwọn ọ̀yà tó ń jẹ wọ́n níṣu. Akọ̀wé wa dúró gbagidi, fóònù ṣì wà létí rẹ̀. Bàbá ń fi ọ̀pá tú koríko díẹ̀díẹ̀ bí wọ́n ti ń lọ, títí irin fi pa eyín dé mọ́ orí ọ̀pá náà, nítòsí bàtà akọ̀wé wa gan-an. Wọ́n dì í lọ́wọ́ mú, wọ́n sì mú un jáde.

Wọn ò bú ẹnikẹ́ni. Wọ́n já imọ̀ tuntun, wọ́n so ó sípò rẹ̀ kí wọ́n tó jókòó.

"Ẹni tó bá dẹ tàkúté gbọdọ̀ so àmì," ni wọ́n sọ fún ọ̀rẹ́ wa. "Òun náà ló sì gbọdọ̀ padà wá tú u. Bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, kì í ṣe ọ̀yà ló ń dẹ, ọmọ aráyé ló ń dẹ."

Wọ́n wá bojú wo akọ̀wé wa, tí iṣu ti tutù sí lọ́wọ́. "Jẹ uṣu rẹ, ọmọ mi."

Kò jẹ ẹ́. Ó ní, "Bàbá, nígbà tí ẹ ní kí n dúró, n kò mọ ibi tó wà. Gbogbo ilẹ̀ ló di tàkúté."

Ọ̀rẹ́ wa rọra gbé kámẹ́rà sókè, ó ní kó tún un sọ. Ọ̀rọ̀ yẹn àti ọwọ́ Bàbá lórí kókó imọ̀ náà ni a fi ránṣẹ́. Nígbà tí a tún pàdé lórí fóònù, ọmọ Àǹgólà náà ní òun ti wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́yìn náà ló ní, "Bàbá yín so àmì. Ẹni tó ri tiwa mọ́lẹ̀ kò so nǹkan kan, ó sì ti gba ilé rẹ̀ lọ." Ọmọ Bọ́síníà tó bi wá ní ìbéèrè ọjọ́sí ló ní kí apá tiwa ṣíwájú fídíò. Inú mi dùn débi pé mo ra búrẹ́dì fún gbogbo ará ṣọ́ọ̀bù.

Iṣẹ́ ìjọba ni mo ń ṣe ní Adó báyìí, a ṣì ń bá ìpolongo náà lọ, àdó olóró kò sì tíì tán nílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò tún ní láti bi mí pé kí ló kàn mí. Mo ti rò tẹ́lẹ̀ pé ẹni tí ibi ti bá nìkan ló lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ̀rọ̀. Bí mo bá lọ sí Ìgèdè nísinsìnyí, tí mo rí imọ̀ ọ̀pẹ ní kókó lẹ́nu ọ̀nà oko ẹni tí n kò mọ̀, mo máa ń dúró díẹ̀, ọkàn mi a sì balẹ̀. Òun náà kò mọ̀ mí, ṣùgbọ́n kí n tó débẹ̀ rárá, ó ti ro ti ẹsẹ̀ mi.