Ìgbà Mẹ́ta Tí Orin Kọjá Ọmọ Mi

Inú ṣì ń bí mi bí mo ṣe ń kọ èyí. Bàbá arúgbó onígìtá kan ni mo kọ́kọ́ bínú sí, lójú gbogbo èèyàn. Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó ti bẹ̀rẹ̀.

Ìlú Ferrara ni, ní Italy níbí. A ní ẹ̀gbọ́n kan níbẹ̀ tó ń dirun nítòsí Grattacielo, ilé gogoro tó wà níbẹ̀. Padova là ń gbé, ṣùgbọ́n ọwọ́ ẹ̀gbọ́n yìí kì í dun ọmọ mi lórí, nítorí náà a máa ń wọ reluwé lọ bá wọn ní Sátidé. Ọmọ ọdún mẹ́wàá lọmọ mi. Ilé ìwé ẹ̀ yá a ní violino, gòjé òyìnbó, ó sì ti ń ta á fún ọdún méjì.

Lọ́jọ́ tí mo ń wí yìí, irun ti parí, a ń rìn nínú ìlú kí àsìkò reluwé wa tó tó, la bá rí àwọn márùn-ún kan ní ojúde, tí wọ́n dúró yí máìkì ẹyọ kan ká. Kò sí ìlù lọ́wọ́ ẹnì kankan. Ẹni tó bá kàn á sún síwájú, á ta tiẹ̀, á sì fà sẹ́yìn fún ẹlòmíì, bí àwọn tó ń pọnmi lẹ́nu ẹ̀rọ láìti ara wọn. Obìnrin kan láàárín wọn ń ta bánjò. Ó ki nǹkan bọ ìka mẹ́ta bí èékánná irin, àwọn ìka náà sì ń sáré débi pé ojú mi ò rí wọn mọ́, ohùn nìkan ni mo ń gbọ́, tó ń dà wálẹ̀ bí àgbàdo gbígbẹ tí wọ́n dà sínú páànù. Mo fa ọmọ mi lọ́wọ́. Kò mira. Mo tún fà á. Reluwé wa lọ, wákàtí kan gbáko la fi dúró de òmíì, mo sì ń kùn títí a fi délé.

Bluegrass ni wọ́n ń pe orin náà. Orí òkè Amẹ́ríkà ló ti wá, ọwọ́ àwọn èèyàn dúdú ni wọ́n sì ti gba bánjò inú ẹ̀, ṣùgbọ́n ìlú Torino níbí ni àwọn márààrún yẹn ti wá. Láti ọjọ́ náà lọmọ mi ti ń fi fóònù mi wá irú wọn. Lavanderia ni mo ti ń ṣiṣẹ́, aṣọ bẹ́ẹ̀dì òtẹ́ẹ̀lì ni mo ń lọ̀ láti àárọ̀, mo sì máa ń ki okùn fóònù kan bọ etí, etí kan fún orin, etí kejì fún ọ̀gá. Bí mo ṣe mọ̀ wọ́n nìyẹn, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bàbá onírùngbọ̀n funfun kan wà tí violino ẹ̀ ń sunkún láìjẹ́ pé ọwọ́ ẹ̀ ń yára. Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò kan wà tí ẹ ò lè mọ ohùn ta ni ta ni. Mo wá débi pé tí orin bá ti bẹ̀rẹ̀, mi ò ní wo fóònù kí n tó mọ ẹni tó ń ta á. Ẹ̀gbọ́n onírun fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ títí. Wọ́n ní, "Orin àwọn adamàlúù lo wá ń gbọ́ báyìí? Ìwọ ọmọ Ìjẹ̀bú?" Mo fi okùn sí wọn létí. Wọ́n gbọ́ ọ fún ìgbà díẹ̀, ìyarun sì dúró lọ́wọ́ wọn. Wọ́n ní ẹni tó ń ta bánjò yẹn, àfi kí Ọlọ́run má jẹ́ kó fi ìka yẹn jalè.

Ọmọ mi fi etí kọ́ ọ̀kan nínú orin wọn ní ilé ìdáná wa. Nígbà tó yá, a rí i pé àwọn ará Torino yìí máa ń wá sí Padova lẹ́ẹ̀kan lóṣù, lọ́sàn-án Sunday, nínú circolo kan, gbọ̀ngàn ẹgbẹ́ tí àwọn àgbàlagbà ti ń ta káàdì. Ẹni tó bá ní ohun èlò orin lè bá wọn jókòó nínú agbo. Ọmọ mi ní òun máa lọ. Wọ́n ti tì í sẹ́yìn pátápátá nínú ẹgbẹ́ olórin ilé ìwé wọn, ó sì ti sú u. Ó sọ fún mi ní Italian, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, pé tí òun ò bá lè ta orin kan ṣoṣo yìí pẹ̀lú wọn, òun máa dá violino náà padà.

Nínú bọ́ọ̀sì, mo kọ́ ọ níwà bí ìyá mi ṣe ń kọ́ mi. Kí wọn dáadáa. Àgbàlagbà ni wọ́n, má tẹjú mọ́ wọn.

Wọ́n tó méjìlá nínú agbo. Bàbá onígìtá tí mo sọ níbẹ̀rẹ̀ ni olórí, ó dàgbà ju bàbá mi lọ dáadáa. Orin mẹ́ta kọjá, ìkẹrin sì jẹ́ tiwa, èyí tí ọmọ mi kọ́. Ọmọ mi gbé violino sábẹ́ àgbọ̀n. Orin ń lọ láti ọwọ́ ẹnì kan sí ọwọ́ ẹnì kejì, ó ku ẹyọ kan kó kàn án, ó kàn án, ó sì kọjá lọ sọ́dọ̀ ọkùnrin ẹ̀gbẹ́ ẹ̀. Mo ní bóyá wọn ò tíì mọ̀ ọ́n ni. Ó yípo lẹ́ẹ̀kejì, ó tún fò ó. Mo mọ nǹkan yìí. Mo mọ obìnrin tó ń fa báàgì mọ́ra tí mo bá jókòó tì í. Mo mọ onílé tó ní ilé wà lórí fóònù, tó wá rí ojú mi, tó ní ilé ti lọ. Orin yípo lẹ́ẹ̀kẹta. Ó tún fo ọmọ mi.

Mo dìde sáàárín agbo. Mo ní, "Ìgbà mẹ́ta. Ṣé o ò rí i ni, àbí àwọ̀ ẹ̀ ni o ò fẹ́ rí?" Tu, ìwọ lásán, ni mo pè é ní Italian, bí ẹni tó ń bá ẹgbẹ́ ẹ̀ jà. Orin kú lọ́wọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Bàbá náà lanu, mi ò jẹ́ kó sọ̀rọ̀. Mo sọ pé irú wọn ni wọ́n ń kọrin èèyàn dúdú láìfẹ́ èèyàn dúdú nínú agbo. Mo sọ púpọ̀. Mo gba violino lọ́wọ́ ọmọ, mo sọ ọ́ sínú àpótí, a jáde.

A ti dé ibùdó bọ́ọ̀sì nígbà tí obìnrin oníbánjò sáré bá wa, èékánná irin ṣì wà lọ́wọ́ ẹ̀. Mo ti gbàgbé archetto, igi tí wọ́n fi ń ha okùn violino. Inú ń bí òun náà, ó hàn lójú ẹ̀.

Ó ní, "Signora, ìgbà mẹ́ta ni bàbá yẹn fún un láyè. A kì í pe orúkọ nínú agbo. Olórí á wò ẹ́. Tí o bá gbójú sókè, ìwọ ló kàn. Tí o bá wolẹ̀, o ti ní rárá nìyẹn, a ò ní fipá mú ẹ kójú má bàa tì ẹ́."

Ọmọ mi ló gbé archetto náà fún, kì í ṣe èmi. Ó yípadà, ó lọ.

Mo bi ọmọ mi bóyá bàbá náà wò ó lóòótọ́. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo ní kí ló dé tí kò wò ó padà.

"Me l'hai detto tu, mamma."

Ìwọ lo sọ bẹ́ẹ̀. Omi ń bọ́ lójú ẹ̀ láìdún.

Ta ni kí n bínú sí? Mo bínú sí ara mi. Mo bínú sí maestra ẹ̀, olùkọ́ ẹ̀ nílé ìwé, tó ti sọ fún mi rí pé ọmọ náà kì í wo òun lójú tí òun bá ń bá a sọ̀rọ̀, tí mo sì dá a lóhùn pé bí a ṣe ń kọ́mọ nìyẹn, mo sì fìbínú gbá ilẹ̀kùn jáde. Mo bínú sí ìyá mi, kí Ọlọ́run dárí jì mí, torí ohun tó sọ mí di ọmọ gidi nílé ló ń pa ọmọ mi mọ́lẹ̀ níbí. Mo sì bínú sí onílé yẹn àti gbogbo irú ẹ̀. Wọ́n ti lò mí débi pé mi ò lè bèèrè mọ́ kí n tó pariwo.

Ọmọ mi ti violino sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko kò fọwọ́ kàn án. Èmi ni mo fà á jáde. Mo gbé ìgbákọ bí ẹni gbé gìtá, mo jókòó ní ilé ìdáná, mo ní kó máa wò mí. Ó rẹ́rìn-ín, ó sì wò mí. Ẹ̀yin ìyá, mi ò ní purọ́ fún yín. Gbogbo ìgbà tó bá tẹjú mọ́ mi lara mi ń ta, bí ẹni tí ọmọ ń rí fín. Ṣùgbọ́n mo jókòó síbẹ̀. Ó ní òun á padà lọ tí mo bá ṣèlérí pé mi ò ní sọ̀rọ̀.

Nígbà tí oṣù yípo, a lọ. Kí n tó mọ̀, mo ti kúnlẹ̀ níwájú bàbá náà. Ó rò pé mo yọ̀ ṣubú ni, ó dì mí nígbọ̀nwọ́, ó ní kí wọ́n gbé omi wá. Mo bẹ̀ ẹ́. Ó ní ọ̀rọ̀ mi dun òun, òun ò ní sọ pé kò dun òun. Ó ní àmọ́ ọmọdé ni, òun ì bá ti fẹnu bi í lẹ́ẹ̀kan.

Orin wa dé. Ó kàn án. Bàbá náà wò ó. Ọmọ mi kọ́kọ́ wò mí. Mo ti ṣèlérí, mo kàn gbé àgbọ̀n tèmi sókè. Ó gbójú sókè. Ó ta á. Ó ṣì í lẹ́ẹ̀kan, ó mú un padà, obìnrin oníbánjò sì rẹ ohùn tiẹ̀ sílẹ̀ lábẹ́ ẹ̀, bí ẹni fọwọ́ ti ọmọ tó ń kọ́ ìrìn lẹ́yìn.

Orin tó tẹ̀lé e ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo ohun tí mo ń gbọ́ nídìí aṣọ lílọ̀, mo sì mọ̀ pé ọmọ mi mọ̀ ọ́n ta. Bàbá náà wò ó. Ọmọ mi wò ó lójú kòrókòró, ó mi orí, ó ní rárá. Bàbá náà mi orí tiẹ̀ pé òun ti gbọ́, orin sì kọjá lọ.

Inú bí mi. Mo ti lanu. Ọmọ náà yíjú sí mi, ó tẹjú mọ́ èmi ìyá ẹ̀, kò sì wolẹ̀. Mo pa ẹnu mi dé.