Ẹni Tó Ń Dá Fìríìjì Gbé

Kí n tó rojọ́, ẹ kọ́kọ́ mọ ẹni tó ń rò ó. Ìwé mẹ́fà péré ni mo kà, n kò sì parí ìkẹfà dáadáa. Síbẹ̀, ilé tí mò ń gbé ní Mitchellville, ní Maryland l'Amẹ́ríkà níbí, orúkọ mi ló wà lára ìwé rẹ̀, nígbà tí àwọn tó ka yunifásítì ń háyà yàrá. Ní ilé ìkẹ́rùsí tí mo ti ṣiṣẹ́ ní Beltsville, èmi nìkan ni mò ń dá fìríìjì gbé. Àwọn òyìnbó á dúró máa wò mí bí ẹni ń wo eré.

Fìríìjì náà ló padà dá mi dúró. Lọ́jọ́ kan ẹ̀yìn mi ró pà, ẹsẹ̀ òsì mi sì kú. Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún mi lẹ́ẹ̀mejì, n kò sì padà sẹ́nu iṣẹ́ mọ́. Ìyàwó mi, nọ́ọ̀sì ni, ló wá ń dá ilé gbé: wákàtí méjìlá ní ọsibítù, ọjọ́ mẹ́fà lọ́sẹ̀, títí ẹsẹ̀ tirẹ̀ náà fi ń wú. Ìdí nìyí tí mo fi gbọ́dọ̀ gba owó tí ìjọba ń san fún ẹni tí ara rẹ̀ kò gba iṣẹ́ mọ́. Kì í ṣe ìtọrẹ. Wọ́n ti ń yọ ọ́ nínú owó oṣù mi látọjọ́ pípẹ́.

Ìyàwó mi ní, "Dádì, ẹ jẹ́ ká wá lọ́yà."

"Lọ́yà kẹ̀? Ṣé mo jalè ni?"

"Ẹ ò jalè. Fọ́ọ̀mù yẹn gùn ju Sáàmù kọkàndínlọ́gọ́fà lọ ni."

"Ìtàn ara mi ni wọ́n ní kí n kọ. Ta ló mọ̀ ọ́n jù mí lọ?"

Mo fi ọwọ́ ara mi kọ ọ́. Níbi tí wọ́n ti bi mí ní ohun tí mo lè gbé, mo kọ ọ́ gàdàgbà pé fìríìjì ni mò ń dá gbé. Mo rò pé wọ́n á bọ̀wọ̀ fún mi. Níbi tí wọ́n ti bèèrè iṣẹ́ ilé, mo ní èmi ni olórí ilé mi, kò sí ohun tó ṣòro fún mi. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó, ọkùnrin wo ló máa kọ̀wé sí ìjọba pé ìyàwó òun ló ń wọ ìbọ̀sẹ̀ fún òun?

Wọ́n dá mi lóhùn pé rárá. Mo ki lẹ́tà náà bọ inú mọ́tò, lábẹ́ ìwé inṣọ́ránsì. Ibẹ̀ ni ìyàwó mi ti rí i nígbà tó ń wá ìwé mọ́tò. Ó kà á lórí ìdúró. Ọgọ́ta ọjọ́ ni wọ́n fún mi láti ta kò wọ́n. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló kù.

Ó bọ́ bàtà ọsibítù rẹ̀, ó na ẹsẹ̀ tó wú sí mi. "Ẹ wo èyí, Dádì. Ẹ bá mi fi òun náà pamọ́."

Ọ̀rọ̀ tán. Lọ́jọ́ kejì a wà lọ́dọ̀ lọ́yà.

Obìnrin ni, ọmọ Ìbàdàn, kò tó àbúrò mi àbíkẹ́yìn lọ́jọ́ orí. Ó ní àfi tí òun bá borí ni òun máa gba nǹkan. Ó fi ìwé ránṣẹ́ sí ìjọba kí ọjọ́ tó pé, ó gba àkọsílẹ̀ mi lọ́wọ́ àwọn dókítà, ó sì pè wá padà.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbọ́ ohun tí dókítà yín kọ. 'Ó ní ara òun le, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run.' Oṣù tó tẹ̀lé e: 'Ó ní kò sí ìyọnu, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run.' Látòkè délẹ̀, ẹ̀gbọ́n, ẹ ń dúpẹ́!"

"Wọ́n kí mi ni! Ṣé kí n wá fi ẹnu ara mi pe àìsàn ni?"

"Dókítà ò kí yín, ó ń bi yín ni. Ohun tí ẹ bá sì sọ ló ń kọ. Ìjọba ti gbà yín gbọ́."

Ìyàwó mi káwọ́ lérí. "Èmi tí mò ń kọ irú ẹ̀ fún àwọn aláìsàn lójoojúmọ́!"

"Ṣé kí n máa purọ́ ni?" ni mo bi lọ́yà.

"Ẹ ti ń pa á tẹ́lẹ̀. Ẹ jáwọ́ ni mo ní."

Ó ní kí n ra ìwé kan, kí n máa kọ ohun tí n kò lè ṣe sínú rẹ̀ lójoojúmọ́. Mo kọ ọ́ ní Yorùbá, báyìí: Lónìí ọṣẹ bọ́ lọ́wọ́ mi, mi ò lè bẹ̀rẹ̀ mú un. Lónìí mo jókòó sínú mọ́tò níwájú ṣọ́ọ̀ṣì títí gbogbo èèyàn fi wọlé, kí wọ́n má baà rí bí mo ṣe ń sọ̀ kalẹ̀. Nígbà tí mo túmọ̀ rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì fún dókítà, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó gbójú kúrò lára kọ̀ǹpútà.

Wọ́n tún kọ̀wé pé rárá. Lọ́yà ní kí n má mikàn, iwájú adájọ́ ló kàn. Ìwé mi ti kún nígbà tí ọjọ́ náà pé.

Adájọ́ wo ojú mi. "Ẹ káàárọ̀, sà. Báwo ni ara?"

Ẹnu mi ti ya: "Mo dú..." Lọ́yà sọ fún mi lẹ́yìn náà pé òun tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀ lábẹ́ tábìlì. Ẹsẹ̀ òsì ló tẹ̀, n kò tiẹ̀ mọ̀. Èmi fúnra mi ni mo kó ẹnu mi níjàánu.

Mo ní, "Olúwa mi, ìyàwó mi ló wọ ìbọ̀sẹ̀ yìí fún mi láàárọ̀ yìí."

Adájọ́ ṣí fọ́ọ̀mù mi. "Ẹ kọ ọ́ síbí pé ẹ ń dá fìríìjì gbé."

"Mo dá a gbé rí. Òun ló gbé mi wá síwájú yín."

Mo ṣí ìwé mi, mo ń kà á, mo ń túmọ̀ rẹ̀, láti ewé àkọ́kọ́. Òógùn tí mo là lórí àga yẹn ju ti fìríìjì lọ, ṣùgbọ́n n kò fo ọjọ́ kankan.

Lẹ́tà tó dé lẹ́yìn ìyẹn ní bẹ́ẹ̀ ni. Ìyàwó mi ti dín iṣẹ́ kù sí ọjọ́ mẹ́ta. Bàtà rẹ̀ ti ń wọ̀ ọ́ padà. Ẹ̀yin tí ẹ kàwé, ẹ gbọ́ tèmi: ẹ lè dá fọ́ọ̀mù kọ bí ẹ bá lè sọ òótọ́ nípa ara yín. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí rárá bá dé, ẹ wá lọ́yà lọ́jọ́ náà.

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó kọjá, arákùnrin kan kí mi lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì: "Ẹ̀gbọ́n, ara ńkọ́?" Mo ní kó jókòó. Mo bẹ̀rẹ̀ láti ìbàdí, mo ń sọ̀ kalẹ̀ bọ̀ díẹ̀díẹ̀ dé ọmọ ìka ẹsẹ̀. Ó wo aago lẹ́ẹ̀mẹta. Ní gbogbo Maryland, n kò tíì rí ẹni tó mọ àìsàn rò tó mi.